Ẹ Ka Iṣẹ́ Wa, Ẹ Má Ka Iye Rẹ̀ Nìkan: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Ìgbìmọ̀ Ìgbéga Olùkọ́ ní Yunifásítì Wa

Sí ẹ̀yin gíwá yunifásítì, ẹ̀yin díìnì, ẹ̀yin olórí ẹ̀ka, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ ìgbéga olùkọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà,

Ẹ̀yin àgbà mi, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi,

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó sí irú àga tí ẹ jókòó sí lónìí kí n tó fẹ̀yìn tì. Èmi kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ, n kò sì ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi láìdá ara mi lẹ́bi.

Ìpàdé kan wà tí n kò lè gbàgbé. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ la wọlé, aago méjì ọ̀sán la jáde. Olùkọ́ mẹ́rìnlá ló ń retí ìgbéga lọ́dọ̀ wa. Fáìlì wọn kún orí tábìlì débi pé a kò rí ojú ara wa dáadáa. Akọ̀wé ń pè é, a ń gbọ́: "Pépà méjìlá, mẹ́rin jẹ́ ti òkè òkun. Pépà mẹ́sàn-án, méjì jẹ́ ti òkè òkun." Bó ṣe ń pè é là ń fi máàkì sí i. Nígbà tí a dìde, mo wo orí tábìlì, mo rí i pé okùn tí wọ́n fi di àwọn fáìlì náà ṣì wà bí wọ́n ṣe dì í. Kò sí ẹni tó tú ẹyọ kan. Èmi náà kò tú u.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni èdè wa ní fún iṣẹ́ méjì yìí. À ń ka ìwé, à ń ka owó. Lọ́jọ́ náà, a ka iṣẹ́ olùkọ́ mẹ́rìnlá bí ẹni ka owó. Kò sí ẹni tó kà á bí ẹni ka ìwé. Ẹ̀bẹ̀ tí mo bá wá kò ju pé kí ẹ padà máa ka iṣẹ́ wa bí ìwé. Nígbà tí pépà bá ti di owó, àwọn tó ń tẹ owó ayédèrú kò ní jókòó sílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọbìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́ kékeré lábẹ́ mi. Odindi ọdún méjì ló fi ń lọ sí àwọn abúlé tí wọ́n ti ń dín gàrí. Ó ń jókòó ti àwọn ìyá tó wà nídìí agbada, ó ń bi wọ́n bí èéfín ṣe ń ṣe wọ́n lójú àti láyà, ó ń wọn bí wọ́n ṣe ń mí, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n ìlànà wa ní kó ní pépà òkè òkun kó tó lè gòkè. Kò pẹ́ tí ímeèlì kan fi wọlé sí i. Wọ́n pè é ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, nígbà tí kò tíì gba oyè ọ̀mọ̀wé pàápàá. Wọ́n ní àwọn ti rí bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe dára tó, kó fi tuntun ránṣẹ́ sí jọ́nà àwọn. Àdírẹ́sì Amẹ́ríkà ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ó fi í ránṣẹ́. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n fèsì pé àwọn gbà á. Kò sí ìbéèrè kan, kò sí àtúnṣe kan, àfi iye owó tó máa san. Ọmọ náà yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó san án. Ìgbìmọ̀ ka pépà náà mọ́ tirẹ̀, wọ́n sì gbé e ga. Kò pé ọdún kan ààbọ̀ tí jọ́nà náà fi pòórá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tòun ti pépà. Nígbà tó fẹ́ gbé iṣẹ́ náà lọ sí jọ́nà gidi, wọ́n ní ohun tó ti jáde níbì kan kò tún lè jáde lọ́dọ̀ àwọn. Ìgbéga rẹ̀ wà nílẹ̀, owó alájẹṣẹ́kù wà lọ́rùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ìyá yẹn fi ọdún méjì sọ fún un ti wọlẹ̀.

Ìgbéléwọ̀n tí jọ́nà yẹn kò ṣe kì í ṣe àjèjì sí wa. Bí babaláwo bá ń sun ìyẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, "Hin-ìn" ni wọ́n fi ń gbè é. Bó bá ṣì í, wọn kò ní gbè é mọ́. Wọ́n á ní kó dúró, wọn kì í kì í bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó máa pe ìyẹn ní ìwọ̀sí, nítorí pé ẹni tó ní ìṣòro ló fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ayé rẹ̀, bó bá wọ́, ẹni yẹn ló máa ru ẹrù rẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn olùgbéléwọ̀n ń ṣe fún jọ́nà. Láti ìgbà tí Henry Oldenburg ti bẹ̀rẹ̀ Philosophical Transactions ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1665 ni irú jọ́nà bẹ́ẹ̀ ti wà, díẹ̀díẹ̀ sì ni àṣà náà fi fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé kí olótùú gbé iṣẹ́ fún ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó gbọ́ nípa rẹ̀, kí wọ́n kà á, kí wọ́n sọ ibi tí kò ti gún. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kì í gba kọ́bọ̀.

Iṣẹ́ yìí ní òfin tirẹ̀. Láti 1997 ni àwọn olótùú jọ́nà ti ní ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní COPE, tó ń tọ́ wọn sọ́nà lórí ìwà tó yẹ, ẹnikẹ́ni ló sì lè ka ìlànà wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé tí wọ́n bá fún ọ kà, ohun àṣírí ni. O kò gbọdọ̀ fi han ẹlòmíràn, o kò gbọdọ̀ gbé e jù sínú ChatGPT pé kó bá ọ kà á. Bí oníṣẹ́ náà bá jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ tàbí ẹni tí ẹ jọ ń jìjàdù, dá a padà fún olótùú. Bí o bá máa báni wí, iṣẹ́ ni kí o bá wí, má bú oníṣẹ́. Má fi dandan lé e pé kó dárúkọ ìwé tìrẹ kó tó lè rí ojúure rẹ. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, má jí i. Ní 2016, Michael Dansinger, dókítà kan ní Tufts ní Boston, kọ lẹ́tà ṣíṣí sí ẹni tó jí iṣẹ́ rẹ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi pépà ránṣẹ́ sí Annals of Internal Medicine, jọ́nà náà kò gbà á, àṣé ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n fún kà á ti gbé e, ó fi orúkọ ara rẹ̀ àti ti àwọn mìíràn sí i, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde níbòmíràn. Bí ẹni tí a fi ìṣúra pa mọ́ sí lọ́wọ́ bá di olè, ta la ó tún fọkàn tán?

Èmi alára kò mọ́ tónítóní nínú èyí. N kò jí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo ti fi ìwé olùkọ́ kan sínú dúrọ́ọ̀ fún oṣù méje kí n tó kà á. Ọjọ́ ìgbéga ń bọ̀ fún un, mo sì mọ̀. Ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé ìgbìmọ̀ kankan kò bi mí rí pé iṣẹ́ ẹni mélòó ni mo gbé yẹ̀ wò lọ́dún. Pépà tèmi ni wọ́n ń kà. Nítorí náà, tèmi ni mo ń kọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ àwọn tó sọ èyí di òwò. Gbogbo wa la mọ kọ́ńgò tí wọ́n ti fi òòlù gbá ìdí rẹ̀ sókè. Bó o bá wò ó láti òkè, kọ́ńgò ni; bó o bá dé ilé, gàrí rẹ kò pé. Irú kọ́ńgò bẹ́ẹ̀ ti kún ọjà ìmọ̀. Ní 2013, oníròyìn kan tó ń jẹ́ John Bohannon kọ pépà irọ́ kan nípa oògùn jẹjẹrẹ. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe sínú rẹ̀, irú èyí tí ẹni tó ka kẹ́mísírì níléèwé girama yẹ kó rí. Jọ́nà 304 ló fi í ránṣẹ́ sí. Jọ́nà 157 ló gbà á, 98 péré ló sì kọ̀ ọ́. Ìwé ìròyìn Science ló gbé gbogbo rẹ̀ jáde. Èyí tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù níbẹ̀ ni àwọn orúkọ tó fi sórí pépà náà: orúkọ ọmọ Áfíríkà tí kò sí láyé, láti ilé ẹ̀kọ́ Áfíríkà tí kò sí lórí ilẹ̀, bíi èyí tó pè ní Wassee Institute of Medicine ní Asmara. Àlàyé tó ṣe ni pé bí olótùú bá wá irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò rí i, kò ní fi bẹ́ẹ̀ fura. Ẹ wo ojú tí wọ́n fi ń wò wá.

Ní 2017, àwọn olùwádìí kan láti Poland sọ nínú Nature bí wọ́n ṣe dá obìnrin kan sílẹ̀ lórí ìwé, Anna O. Szust, tí wọ́n sì kọ̀wé sí jọ́nà 360 pé ó fẹ́ di olótùú. Obìnrin náà kò ní ìrírí olótùú rárá, ìwé tí wọ́n ní ó kọ kò sì sí. Jọ́nà 48 ló gbà á. Ní èdè Poland, oníjìbìtì ni oszust. Ní 2019, ilé ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà ní kí OMICS, ilé iṣẹ́ jọ́nà kan tó wà ní Hyderabad ní Íńdíà, san mílíọ̀nù 50.1 dọ́là nítorí bó ṣe ń tan àwọn olùwádìí jẹ. Ní 2023, pépà tí àwọn jọ́nà jákèjádò ayé fà sẹ́yìn lé ní 10,000. Ó lé ní 8,000 nínú wọn tó jẹ́ ti Hindawi nìkan, ilé iṣẹ́ tí Wiley rà ní 2021. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe pépà tà bí ẹni ṣe búrẹ́dì, tí wọ́n sì ń yan olùgbéléwọ̀n èké tó máa sọ pé ó dára.

Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Oníjìbìtì ló ń ta pépà, ṣùgbọ́n ta ló ń gbà á lọ́wọ́ ẹni tó rà á? Àwa ni. Bí máàkì wa bá kúrò lórí irú pépà bẹ́ẹ̀, ọjà náà á tú.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn máa sọ: "Ká kúkú gba jọ́nà ńláńlá nìkan, ọ̀rọ̀ á parí." Kò ní parí. Lancet ti wà láti 1823, kò sì sí dókítà tí kò mọ̀ ọ́n. Ní 1998, ó tẹ pépà Andrew Wakefield jáde nípa ọmọ 12, pépà tó mú kí àwọn òbí máa bẹ̀rù pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ìta ń fa àìsàn ọ̀tìsíìmù. Ọdún 2010 ni Lancet tó fà á sẹ́yìn, ọdún yẹn náà sì ni wọ́n yọ orúkọ Wakefield kúrò nínú ìwé àwọn dókítà ní Gẹ̀ẹ́sì. A máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọdún méjìlá ni irọ́ yìí fi rìn, ọ̀pọ̀ òbí tó gbà á gbọ́ kò sì jẹ́ kí ọmọ wọn gba abẹ́rẹ́ náà.

Lancet yìí kan náà, ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún 2020, tẹ pépà kan tó ní òun yẹ ìwé ìtọ́jú aláìsàn kòrónà bíi 96,000 wò láti ilé ìwòsàn 671, òun sì rí i pé hydroxychloroquine ń ṣekú pa wọ́n. Àjọ Ìlera Àgbáyé dá ìdánwò oògùn náà dúró ná. Ṣùgbọ́n àwọn kan jókòó, wọ́n kà á. Wọ́n dé ibi tó ti sọ̀rọ̀ Áfíríkà, wọ́n ṣírò rẹ̀: kó tó lè rí bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo aláìsàn kòrónà tó wà ní ilẹ̀ wa nígbà náà ní láti ti gba àwọn ilé ìwòsàn yẹn kọjá, kí kọ̀ǹpútà sì ti kọ gbogbo ohun tó ṣe wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró lórí ìlà níbi káàdì ní ilé ìwòsàn ìjọba mọ̀ pé ìyẹn ṣòro gbà gbọ́. Onímọ̀ tó lé ní ọgọ́rùn-ún fọwọ́ sí lẹ́tà ṣíṣí ní ọjọ́ 28. Nígbà tí wọ́n ní kí Surgisphere, ilé iṣẹ́ tó ní àkọsílẹ̀ náà, kó o jáde fún àyẹ̀wò, kò kó o jáde. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, wọ́n fa pépà náà sẹ́yìn. New England Journal of Medicine fa òmíràn tó lo àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ náà sẹ́yìn lọ́jọ́ kan náà. Kì í ṣe orúkọ jọ́nà ló gba àwọn aláìsàn sílẹ̀. Àwọn tó kà á ni.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń dun àwọn ọmọ wa, tí wọn kò lè sọ lójú wa. Ọmọdé á ṣe ìwádìí, á kọ ọ́ tán, á wá fi orúkọ ọ̀gá síwájú tirẹ̀. Ọ̀gá kò dé oko ìwádìí, kò ka ìwé náà, ṣùgbọ́n bí ọmọ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó mọ ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Àwọn olótùú jọ́nà ìṣègùn tó kọ́kọ́ pàdé ní Vancouver ní 1978 ti la ọ̀rọ̀ yìí yéni. Ìlànà wọn ní kí ẹni tó bá máa fi orúkọ sí iṣẹ́ ti kópa gidi nínú ìwádìí náà, kó ti bá wọn kọ ọ́ tàbí tún un ṣe, kó ti fọwọ́ sí i kó tó jáde, kó sì ṣe tán láti dáhùn fún gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbọdọ̀ pé. Èmi náà ní pépà méjì tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò pé lọ́wọ́ mi. Ojú tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ̀yin tí mò ń bẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ohun tí mo wá ń tọrọ nìyí.

Èkíní, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ mú iṣẹ́ márùn-ún tó gbà pé ó dára jù wá, kì í ṣe ogún. Kí ẹni méjì nínú ìgbìmọ̀ kà á tán, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ sílẹ̀ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ìpolongo tí àwọn onímọ̀ ṣe ní San Francisco ní 2012, tí wọ́n ń pè ní DORA, ti sọ ọ́ kedere pé kí ẹnikẹ́ni má fi òkìkí jọ́nà díwọ̀n iṣẹ́ ẹni. Iṣẹ́ ni kí wọ́n wò.

Èkejì, ẹ yọ ọ̀rọ̀ "òkè òkun" kúrò nínú ìlànà, kí ẹ fi lẹ́tà àwọn olùgbéléwọ̀n rọ́pò rẹ̀. Kí olùkọ́ mú ohun tí wọ́n bi í wá, pẹ̀lú èsì tó fún wọn, kódà bí orúkọ wọn kò bá hàn. Ẹni tí jọ́nà rẹ̀ gba iṣẹ́ ní ọjọ́ kẹta láìbéèrè ohunkóhun kò ní rí nǹkan mú wá.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi máàkì sí iṣẹ́ ìgbéléwọ̀n àti iṣẹ́ olótùú. Bí mo bá mọ̀ pé ẹ máa bi mí, ìwé ọmọ yẹn kò ní lo oṣù méje nínú dúrọ́ọ̀ mi.

Ẹ̀kẹrin, kí pépà kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tó sọ ohun tí olúkúlùkù ṣe níbẹ̀, tí gbogbo wọn fọwọ́ sí. Bí ọ̀gá bá fi ipá gba orúkọ, kí ọmọdé ní ibi tó lè lọ sọ ọ́ láìsí ìbẹ̀rù.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ tọ́jú jọ́nà tiwa. Láti 1956 ni Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Ìtàn ilẹ̀ Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ jọ́nà tirẹ̀, nígbà tí Kenneth Dike jẹ́ ààrẹ wọn, títí di òní ni àwọn òpìtàn òyìnbó sì ń tọ́ka sí i. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n nígbà náà bóyá òkè òkun ni. AJOL, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1998 tó sì fìdí sọlẹ̀ sí South Africa, wà níbẹ̀ tó ń gbé jọ́nà Áfíríkà sí ojú ayé, tó sì ń fi ìràwọ̀ hàn wá bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń tẹ̀ lé ìlànà tó. Ẹ fún jọ́nà ẹ̀ka yín ní owó, ẹ fún olótùú wọn ní òmìnira, kódà láti kọ iṣẹ́ olórí ẹ̀ka bí kò bá dára.

Ẹ má sì fìyà jẹ àwọn ọmọ tó ti kó sí páńpẹ́. Ìlànà wa ni wọ́n tẹ̀ lé. Ẹ fún wọn láyè láti jẹ́wọ́, láti yọ irú pépà bẹ́ẹ̀ kúrò, láti bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun.

Lọ́dún tó kọjá, mo tẹ̀ lé ọmọbìnrin yẹn lọ sí ọ̀kan nínú àwọn abúlé náà. A bá ọ̀kan nínú àwọn ìyá yẹn tó ń wọn gàrí fún oníbàárà. Kó tó wọ̀n ọ́n, ó yí ìdí kọ́ńgò sókè, ó fi han obìnrin tó fẹ́ rà á, kó lè rí i pé ó tẹ́jú. Lẹ́yìn náà ló tó bù ú títí tó fi gogoro. Nígbà tó ṣe tán, ó nu ọwọ́, ó wúkọ́ díẹ̀, ó kọjú sí ọmọ mi, ó ní: "Ìwé tí ẹ kọ nípa wa ńkọ́? Èmi ò mọ̀wé. Ẹ kà á fún mi kí n gbọ́."

A kò ní nǹkan tí a lè kà fún un.

Ẹ̀yin àgbà mi, ìpàdé yín tó kàn kò ní pẹ́ dé. Akọ̀wé á kó fáìlì sórí tábìlì. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni tó pe iye, ẹ kọ́kọ́ tú okùn wọn.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,

Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.